Kí ẹ tó fi iná aláràbarà sí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù yín

Ẹni tó bá gba Toyota, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Apápá, wọ ọjà Ládìpọ̀ mọ̀ pé ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, gíá wà níbẹ̀, títí dórí nọ́ọ̀tì kékeré tó ti já bọ́ lára ọkọ̀ yín láti ọdún tó kọjá. Bí ẹ bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta iná ọkọ̀, ẹ ó rí ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ká bíi tépù, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tàn án, yóò máa pàwọ̀ dà bí ọ̀gà. Àwọn onímọ́tò ló máa ń rà á. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, inú ọkọ̀ á wá dà bí ilé ìgbafẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe onímọ́tò nìkan ló ń wá irú iná yìí mọ́. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wá oúnjẹ òòjọ́ náà ń wá a, pàápàá àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá géèmù.

Bọ̀dá mi kan wà nínú wọn. Kọ̀ǹpútà márùn-ún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Mushin, wọ́n sì rí i pé ṣọ́ọ̀bù kan tó wà lójúlé kejì ti fi iná pupa àti búlúù yí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ ká, àwọn ọmọ sì ń rọ́ lọ síbẹ̀. Ni Bọ̀dá mi bá ra tiwọn. Ẹni tó bá wọn so ó ní gbogbo iná tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, fólítì 12 ni. Ó gé orí wáyà rẹ̀, ó so ó mọ́ wáyà yẹ́lò inú kọ̀ǹpútà, ó ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Iná náà kọ mànà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òórùn rọ́bà tó ń jó gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó sì parí síbẹ̀. Fólítì 5 ni wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀, lẹ́tà kékeré tí ẹnikẹ́ni kò kà. Wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà pé, “Àbúrò, ìwọ tó ń kọ̀wé nípa okòwò, ṣé irú èyí kò tó kọ sínú ìwé ìròyìn ni?” Mo ní ó tó bẹ́ẹ̀.

Èrò tèmi nìyí, kí n tó máa bá àlàyé lọ. N kò sí lára àwọn tó ń sọ pé ìnákúnàá lásán ni iná yìí. Ọjà tó bá dùn ún wò ń tà ju èyí tí kò dùn ún wò lọ, ìyá alákàrà tó ń nu gíláàsì àpótí rẹ̀ lójoojúmọ́ mọ èyí dáadáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìgbà tí oníbàárà bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tó ń san owó wákàtí, nìkan ni iná náà lè pa owó wọlé fún yín. Níbẹ̀ gan-an pàápàá, ohun tí a ń rà kẹ́yìn ni, kì í ṣe ohun àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀, RGB, dúró fún pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Inú kóró iná kọ̀ọ̀kan, kóró kéékèèké mẹ́ta wà, bí a bá sì ṣe ń po àwọ̀ wọn pọ̀ ni gbogbo àwọ̀ yòókù ṣe ń jáde, títí kan funfun. Pupa ló kọ́kọ́ dé. Ní 1962 ni Nick Holonyak ṣe LED pupa tí ojú lè rí ní ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà. Búlúù ló fi ojú àwọn onímọ̀ rí màbo, ó di ọdún 1990 sókè kí àwọn ará Japan mẹ́ta kan, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, tó rí i ṣe kó mọ́lẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ náà ló gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2014. Láìsí búlúù yẹn, kò sí iná aláràbarà kankan ní Ládìpọ̀ lónìí. Ọdún 2014 yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Razer gbé kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ tí wọ́n pè ní Chroma jáde, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn du ọjà yìí. Ní 2023, Microsoft fi ibi tí èèyàn ti lè máa yí àwọ̀ iná wọ̀nyí padà sínú Windows 11 fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe àṣà ọ̀sán kan.

Ọ̀rọ̀ wáyà wá kù, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò. Oríṣi méjì ni iná yìí. Èyí tó ń lo fólítì 12 máa ń ní ẹnu mẹ́rin, gbogbo kóró rẹ̀ ló sì máa ń gbé àwọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà: bó bá pupa, gbogbo rẹ̀ ló pupa. Èyí tó ń lo fólítì 5 máa ń ní ẹnu mẹ́ta, kóró kọ̀ọ̀kan sì lè gbé àwọ̀ tirẹ̀, ìyẹn ló ń mú kí iná náà máa ṣàn bí omi. Àwọn motherboard tuntun ní ojú ihò fún méjèèjì, wọn ò sì jọra, torí àwọn tó ṣe é mọ̀ pé èèyàn lè ṣì í. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá gé orí wáyà sọnù láti fi ọgbọ́n tiwa so ó. Nínú àpótí iná kọ̀ǹpútà, wáyà yẹ́lò ló gbé fólítì 12, pupa gbé 5, dúdú ni ti ilẹ̀. Ẹni tó bá gbé iná fólítì 5 lé orí yẹ́lò, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bọ̀dá mi ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i, ó sì lè bá ohun mìíràn jẹ́ mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Ládìpọ̀ ti wọlé nìyí, mi ò sì rò pé àwọn ará ibẹ̀ ti ronú kàn án tó. Bátìrì ọkọ̀ kéékèèké, fólítì 12 ni. Wáyà yẹ́lò inú kọ̀ǹpútà, fólítì 12 ni. Iná tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ kéékèèké, bó bá jẹ́ ojúlówó, yóò ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà láìsí ìjà. Kódà ara rẹ̀ á tù ú níbẹ̀, torí bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, iná rẹ̀ máa ń gòkè dé nǹkan bí 14, ti kọ̀ǹpútà sì máa ń dúró sójú kan. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó wà ní ìsọ̀ náà ni 12. Ti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá jẹ́ 24, àwọn kan tó ń wọ ojú USB jẹ́ 5. Ẹni tó ń tà á mọ èyí, ẹni tó ń rà á ni kò mọ̀. Bí oníṣòwò iná ní Ládìpọ̀ bá lè fi bírò kọ nọ́ńbà fólítì gàdàgbà sára páálí, kó sì fi bátìrì tó wà nílẹ̀ dán iná wò lójú oníbàárà gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dán iná iwájú ọkọ̀ wò, ó ti rí ọjà mìíràn tà láìkúrò lójú kan. Àwọn tí ì bá fi owó mọ́tò lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà nítorí iná nìkan á máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ máa ta ayédèrú, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ṣì wà níbẹ̀: ẹni tó ta erùpẹ̀ yóò gba owó òkúta.

Ẹ̀yin tó ń lo kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, HP àti Dell tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì òyìnbó kó tó délé wa, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Irin ni wọ́n fi ṣe àpótí wọn látòkè délẹ̀, kò sí gíláàsì, ẹni tó bá fi iná sínú wọn, inú òkùnkùn ló tàn án sí. Àpótí iná ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ju 300 wáàtì lọ, kò sí wáyà tó ṣẹ́kù tí èèyàn lè fà. Ohun tó dára jù fún yín ni kí ẹ lẹ iná mọ́ ẹ̀yìn sikiríìnì, kó kọjú sí ògiri. Ẹ ra èyí tó ń lo fólítì 5, ẹ sì fi ṣájà fóònù tó dáa gbé e. Ẹ má tì í bọ ojú USB kọ̀ǹpútà àfi bó bá kúrú gan-an. Ojú USB àtijọ́ kò lè gbé ju wáàtì méjì ààbọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ iná onífólítì 5 tó ní kóró 60, bí gbogbo rẹ̀ bá tàn ní funfun, lè fa wáàtì 18.

Ó wá kan owó iná. Iná fólítì 12 tó gùn ní mítà kan, tó ní kóró 60, máa ń fa wáàtì 14 àti díẹ̀ bó bá tàn ní funfun tán pátápátá. Fún kọ̀ǹpútà márùn-ún, wáàtì 72 nìyẹn. Bó bá tàn fún wákàtí mẹ́wàá, kò tíì pé yúníìtì kan, nǹkan bíi yúníìtì 0.72 ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 tí àjọ NERC gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A láti náírà 68 sí náírà 225 fún yúníìtì kan, ohun tí èyí ì bá jẹ́ ni náírà 162 lóòjọ́. Kò pa èèyàn. Ṣùgbọ́n ta ló ń rí iná ìjọba fún wákàtí mẹ́wàá? Bó bá di ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò lè gbé ju 650 wáàtì lọ, wáàtì 72 yẹn ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀, epo bẹntiróòlù sì ti kúrò ní ohun tí à ń fi ṣeré láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ẹ̀tàn kékeré kan wà tí mo fẹ́ kọ́ yín: ẹ má tan funfun. Bí ẹ bá mú àwọ̀ kan ṣoṣo, pupa tàbí búlúù, iná onífólítì 12 náà kò ní fa ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá ní UPS, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá mú iná lọ báyìí, géèmù ọmọ ọlọ́mọ á kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ fi owó iná aláràbarà ra UPS. Bí inú ẹ̀rọ bá kún fún eruku ọ̀nà Mushin, tó ń gbóná tó sì ń kú fúnra rẹ̀, fáànù ni kí ẹ rà. Fáànù kan wà tó ní iná lára, ìyẹn kò burú, àmọ́ ẹ rántí pé atẹ́gùn ni ẹ ń ra, iná inú rẹ̀ kò mú ohunkóhun tutù.

Àwọn kan sì wà tí mi ò ní gbà nímọ̀ràn láti sún mọ́ ọn rárá. Ẹni tó ń tẹ CV, tó ń ṣe fọ́tòkọpí, oníbàárà rẹ̀ kò ní jókòó, kò sì ní sanwó kún owó nítorí búlúù. Àwọn tó ń ya àwòrán fún iṣẹ́ ìwé títẹ̀, ní Ṣómólú àti ibòmíràn, pípa ni iná yìí lè pa wọ́n lára. Bí àwọ̀ pupa bá yí sikiríìnì ká, ojú èèyàn kò ní rí àwọ̀ tó wà lórí rẹ̀ bó ṣe jẹ́ gan-an mọ́. Ẹ ó ro pé àwọ̀ ìwé ìpè ìgbéyàwó náà ti dára, ìgbà tó bá jáde láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ tó máa mọ̀, ìyá ìyàwó kò sì ní gbà á. Iná funfun lásán ló yẹ wọ́n.

Ẹni tó bá ti pinnu láti ṣe é, kó pa kọ̀ǹpútà, kó yọ pọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri kó tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Kó fi tépù oníná wé gbogbo ojú tó bá so. Kó má fi gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn iná náà nìkan ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé, torí bí ẹ̀rọ bá gbóná, gọ́ọ̀mù á tú, iná á sì já sínú fáànù.

Bọ̀dá mi padà lọ sí Ládìpọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí ẹni tó ń tà á fi bátìrì dán an wò lójú wọn, ó sì tàn. Kọ̀ǹpútà méjì tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n fi sí, àwọ̀ pupa, alẹ́ nìkan ni wọ́n sì ń tàn án. Nígbà tí mo bi wọ́n nípa mẹ́ta tó kù, wọ́n ní owó UPS ni àwọn ń tu jọ báyìí.