Ti Fífi Eré Tan Ìmọ̀ Kálẹ̀

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa a máa fi ọdún púpọ̀ ṣe ìwádìí, wọn a sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé tí ó jẹ́ pé ẹgbẹ́ wọn nìkan ní í kà á. Nítorí èyí ni a ṣe ń gbọ́ ìmọ̀ràn pé kí wọn fi í ṣe eré, kí tọmọdé tàgbà lè mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ràn náà dára lójú wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní 1879 ni Henry George tẹ ìwé kan jáde, tí ó fi wádìí ìdí tí òṣì fi ń gbilẹ̀ níbi tí ọrọ̀ ti ń pọ̀ sí i. Ó ní ìṣákọ́lẹ̀ ni ó fà á (kí ẹ̀yin onílẹ̀ má ṣe bínú sí wa). Kí ẹ̀kọ́ yìí lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè ka ìwé ńlá, Elizabeth Magie ṣe eré orí pátákó kan, ó sì gba ìwé àṣẹ ìjọba lé e lórí ní 1904. Àwọn tí ń ṣe é a máa ra ilẹ̀, wọn a máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn, kí wọn lè fojú ara wọn rí ibi tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n adùn ni wọ́n rí! Eré náà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n sì ń yí i padà. Nígbà tí Parker Brothers fi máa gbé e jáde ní 1935 pẹ̀lú orúkọ Monopoly, ẹ̀kọ́ Henry George ti dàwátì, ẹni tí ó sọ àwọn yòókù di aláìní ni ó borí.

Òfin eré ni í kọ́ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a kọ sára pátákó. Àwọn baba wa mọ èyí. Nídìí ọpọ́n ayò, bí ilé ẹnìkejì bá gbẹ, dandan ni kí á ta ọmọ ayò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe. Ọmọdé mọ ìyẹn kí ó tó mọ̀wé.

Nítorí náà, bí onímọ̀ ìṣègùn bá fẹ́ fi eré sọ fún ará àdúgbò pé inú omi adágún ni ẹ̀fọn tí í fa ibà ń yé ẹyin sí, kí ó má ṣe kàn kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sórí káàdì. Kí òfin rẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó dí kòtò ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀, tí ó fi ti aládùúgbò sílẹ̀, yóò pàdánù pẹ̀lú aládùúgbò náà. Ṣáájú kí wọn tó tẹ̀ ẹ́, kí wọn bi àwọn tí ó ṣe é léèrè ohun tí wọ́n rí kọ́.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ojúde yín ni ọ̀ta àti òpè ti ń pàdé. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé bá gbé irú eré bẹ́ẹ̀ wá, ẹ jẹ́ kí wọn kọ́kọ́ dán an wò níbẹ̀, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún wọn bí kò bá dùn.