Kì í ṣe ọmọ inú ìgò

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó pe àwọn ọmọ IVF, ìyẹn àwọn tí wọ́n so ẹyin ìyá pọ̀ mọ́ àtọ̀ níta ara láti fi lóyún wọn, ní “ọmọ inú ìgò”, dùn mí wọra. Ìyá ọ̀kan nínú wọn ni mí, ní Sùúrùlérè níbí.

Ẹni tó kọ ọ́ ní àṣà òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni IVF. Lóòótọ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí Louise Brown, ọmọ IVF àkọ́kọ́ lágbàáyé, ní 1978. Ṣùgbọ́n ní 1989, wọ́n bí àkọ́kọ́ tiwa ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, lábẹ́ ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru.

Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún péré ni ọlẹ̀ sábà ń lò níta kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ. Inú ìyá ló ti ń lo oṣù tó kù. Èmi ni mo gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, èmi ni mo fi ọ̀sẹ̀ méjì retí èsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló já mi kulẹ̀ kí ẹ̀kẹta tó dúró.

Ẹni tó kọ lẹ́tà náà tún di gbogbo ẹ̀bi àìrọ́mọbí ru obìnrin. Ara ọkọ mi ni àyẹ̀wò ti rí ìṣòro: àtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n sì ti fi ń pè mí ní àgàn kí ọkọ mi tó gbà láti lọ ṣe àyẹ̀wò náà. Ẹ bá mi sọ fún òǹkàwé yín pé kí tọkọtaya jọ ṣe àyẹ̀wò. Owó ìtọ́jú IVF ga, mo gbà. Ilẹ̀ wa ní Ìkòròdú la tà láti san án.

Ọmọ mi ti mọ̀wé kà. Ẹ má jẹ́ kó bá irú orúkọ yẹn pàdé nínú ìwé ìròyìn yín.

Ìyá kan,
Sùúrùlérè, Èkó