Ìró Tí Wọ́n Gbọ́ Láti Ojú Sánmà: Ẹ Má Jẹ́ Kí A Kánjú Pè É Ní Tiwa

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ìró kan tí àwọn onímọ̀ gbọ́ láti ojú sánmà, àti ariwo tí àwa Mùsùlùmí gbé tẹ̀ lé e.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11 oṣù Fẹ́búárì ọdún 2016, ni àwọn onímọ̀ kéde ọ̀rọ̀ náà ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà, bí ìròyìn irú rẹ̀ bá ti jáde, iṣẹ́ kan náà ni a máa ń fi ránṣẹ́ sí ara wa lórí fóònù: pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú Alùkùránì láti ọjọ́ pípẹ́, pé òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ ni. Àwọn kan tọ́ka sí Súrátù Tọ́ríkì, wọ́n ní ìràwọ̀ tí ń kanlẹ̀kùn inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ òyìnbó gbọ́. Mo ti gbọ́ ọ ní ẹnu ọlọ́jà ní Tejúoṣó, mo sì ti gbọ́ ọ lórí mínúbárì. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ẹ̀sìn ni ó ń mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ tèmi láìfi bò: ọ̀nà náà kò tọ́, kò sì gbé ẹ̀sìn wa ga.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun náà bí mo ti lè ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń pariwo ni kò bèèrè ohun tí ó jẹ́. Bí ọmọdé bá ju òkò sókè, ilẹ̀ ni yóò padà bọ̀. Agbára tí ń fà á bọ̀ náà ni ó so òṣùpá mọ́ ayé, tí ó sì so ayé mọ́ oòrùn. Ní ọdún 1916, Albert Einstein, ọmọ Jámánì, kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ohun ńláńlá bá ń yí ara wọn ká lójú sánmà, àyè tí gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀ yóò máa mì, gẹ́gẹ́ bí omi ọ̀sà ti í ru nígbà tí ọkọ̀ bá kọjá. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìgbì òòfà. Einstein fúnra rẹ̀ ṣiyèméjì lórí rẹ̀ nígbà kan. Ní ọdún 1936 ó kọ ìwé láti sọ pé kò sí irú ìgbì bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó tọ́ka àṣìṣe inú ìṣirò rẹ̀ hàn án.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọwọ́ tó tẹ ìgbì náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2015 ni ẹ̀rọ méjì tí wọ́n ń pè ní LIGO gbọ́ ọ. Ọ̀kan wà ní Hanford ní ìpínlẹ̀ Washington, èkejì wà ní Livingston ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Ọ̀nà tí ó wà láàrin wọn tó 3,000 kìlómítà, bí ìrìn Èkó sí Kánò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní apá méjì, apá kọ̀ọ̀kan sì gùn ní kìlómítà 4, bí ẹni fi ẹsẹ̀ rìn fún nǹkan bí wákàtí kan. Iná lésà ni wọ́n ń ta lọ ta bọ̀ nínú àwọn apá náà láti fi wọn gígùn wọn, gẹ́gẹ́ bí aláṣọ ti í fi ọ̀pá wọn aṣọ. Bí ìgbì bá ń kọjá, apá kan á gùn díẹ̀, èkejì á kúrú díẹ̀. Bí a bá la ẹyọ irun orí kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìyípadà tí wọ́n ń wá kéré sí ọ̀kan nínú rẹ̀ síbẹ̀.

Kí ni ìgbì náà ròyìn? Ó ní ihò dúdú méjì kọlu ara wọn. Ihò dúdú irú èyí ni àjẹkù ìràwọ̀ ńlá tí ó ti kú, tí ó wó lu ara rẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò fi lè jáde níbẹ̀. Ọ̀kan wúwo tó nǹkan bí oòrùn 36, èkejì tó oòrùn 29. Nígbà tí wọ́n di ọ̀kan, ó kù sí oòrùn 62. Ìwọ̀n oòrùn mẹ́ta ti di ìgbì. Láti nǹkan bí 1,300,000,000 ọdún sẹ́yìn ni ó ti ṣẹlẹ̀, ìró rẹ̀ sì kọjá lára ayé wa ní ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Súbùhánállàhì! Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní yin Ẹlẹ́dàá?

Ṣùgbọ́n ìwà àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ ni ó wú mi lórí jù. Wọn kò gba ẹ̀rọ kan gbọ́. Livingston kọ́kọ́ gbọ́, Hanford sì gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ní ìdá méje nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Àwa Mùsùlùmí mọ iyì ẹlẹ́rìí méjì. Òfin gbèsè nínú ẹ̀sìn wa bèèrè rẹ̀, ẹ̀yin oníṣòwò sì mọ̀ pé owó tí a yá láìsí ẹlẹ́rìí a máa di ìjà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n pa ẹnu mọ́ fún bí oṣù márùn-ún, wọ́n ń tún un yẹ̀ wò bóyá ẹ̀rọ ni ó ṣe ségesège, tàbí ẹnìkan ni ó fẹ́ tan wọ́n jẹ.

Wọ́n ti dán ara wọn wò rí. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2010, àwọn díẹ̀ láàrin wọn fi ìró èké sínú ẹ̀rọ ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn yòókù mọ̀ pé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lè wáyé, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n rí ìró náà, wọ́n ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, wọ́n tilẹ̀ kọ ìwé tí wọn ìbá fi kéde rẹ̀. Ní oṣù Máàṣì ọdún 2011 ni wọ́n tó sọ fún wọn pé ìdánwò ni. Ó dà bí ọ̀gá ìsọ̀ tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi owó kún owó ọjà, láti wò bóyá ọmọ ìsọ̀ yóò rí i, tí yóò sì ṣírò rẹ̀ pé. Mélòó nínú wa ni ó lè gba irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ láìbínú?

Àwọn mìíràn kánjú, wọ́n sì kan àbùkù. Ní ọjọ́ 17 oṣù Máàṣì ọdún 2014, àwọn onímọ̀ tí ẹ̀rọ wọn, BICEP2, wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé kéde pé àwọn rí ipasẹ̀ ìgbì òòfà láti ìbẹ̀rẹ̀ dáyé. Ayé hó yèè. Ọdún kan kò tíì pé nígbà tí àyẹ̀wò mìíràn, tí wọ́n fi iṣẹ́ sátẹ́láìtì Planck kún, fi hàn pé eruku ojú sánmà ni ó tan wọ́n jẹ. Eruku lásán! Ẹ̀yin ará mi, bí ààfáà kan bá ti gun mínúbárì ní oṣù Máàṣì náà, tí ó sọ pé ìkéde yìí ni ẹ̀rí pé òtítọ́ ni Alùkùránì, kí ni yóò sọ fún àwọn ọ̀dọ́ nígbà tí ó di eruku? Àwọn onímọ̀ lè gba àṣìṣe wọn, kí wọ́n sì máa bá iṣẹ́ lọ, nítorí bí ìmọ̀ wọn ti ń rìn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá so Ìwé Ọlọ́run mọ́ ìròyìn ọjọ́ kan ti so òpó ilé mọ́ koríko.

Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ti fi ọ̀nà hàn wá lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 10 Hijira, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Ibrahim, kú. Ní ọjọ́ náà gan-an ni oòrùn ṣókùnkùn. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wí pé nítorí ikú ọmọ Ànábì ni. Ẹ wo irú àǹfààní tí èyí jẹ́ fún ẹni tí ó bá ń wá ògo! Bí ó bá dákẹ́ lásán, wọn ìbá gbà á gbọ́ títí ayé. Kò dákẹ́. Ó là á yé wọn pé oòrùn àti òṣùpá jẹ́ àmì méjì nínú àwọn àmì Ọlọ́run, pé wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Bàbá tí ọ̀fọ̀ ọmọ ṣẹ̀ ni ó kọ ògo tí kì í ṣe òtítọ́. Kí ni àwa wá ń fi ògo àyálò ṣe?

Àìmọ̀ a sì máa ná ni ní nǹkan. Ní oṣù Jánúárì ọdún 2001, òṣùpá ṣókùnkùn, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Maiduguri sì dìde, wọ́n ń dáná sun ilé ọtí àti òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ inú wọn ni ó fà á. Ohun tí Ànábì ti dáhùn láti ohun tí ó lé ní 1,300 ọdún ni wọ́n ń fi iná jà lé lórí. Nígbà tí oòrùn fẹ́ ṣókùnkùn ní ọjọ́ 29 oṣù Máàṣì ọdún 2006, ìjọba tètè kìlọ̀ fún ará ìlú, nítorí ìṣirò ti sọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ kan náà ni ó lè ràn wá lọ́wọ́ nígbà ààwẹ̀. Èmi kò sọ pé kí a má fi ojú wá òṣùpá mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ìṣirò bá fi hàn pé òṣùpá ti wọ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kí a bi ẹni tí ó ní òun rí i ní ìbéèrè dáadáa, kí mọ́ṣáláṣí méjì ní àdúgbò kan má baà kí Yídì ní ọjọ́ méjì.

Àwọn oníṣòwò yóò bi mí pé: owó tí LIGO gbà lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, èrè wo ni ó wà níbẹ̀? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ wo àwọn ọmọ tí ń fi alùpùpù gbé ọjà yín láti Yàbá lọ fún oníbàárà ní Lẹ́kí. Máàpù inú fóònù ni ó ń júwe ọ̀nà fún wọn, sátẹ́láìtì ni ó sì ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Aago inú sátẹ́láìtì yẹn a máa yára ju ti ilẹ̀ lọ. Bí wọn kò bá fi ìṣirò Einstein tún un ṣe, ní ọjọ́ kan ṣoṣo máàpù náà yóò ti ṣìnà tó kìlómítà 10. Ọjà Lẹ́kí yóò dé inú òkun. Nígbà tí Einstein kọ ìṣirò náà, kò sí ẹni tí ó rí èrè kankan nínú rẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé ìmọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ní ọdún 1965, ọmọ Nàìjíríà kan, Samuel Okoye, pẹ̀lú Antony Hewish ní Cambridge, rí ohun kékeré kan tí ń sọ̀rọ̀ bí rédíò láàrin ìkúùkù ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Crab. Lẹ́yìn náà ni a mọ̀ pé ìràwọ̀ kíkú tí ń pòòyì ni. Irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn kan ń pè ní Tọ́ríkì lónìí! A ń fi ìràwọ̀ náà yangàn, a kò sì mọ orúkọ ọmọ ilẹ̀ wa tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rí ipasẹ̀ rẹ̀. Okoye padà wá sílé, ó sì dá ibi ìwádìí ojú sánmà sílẹ̀ ní Yunifásítì Nsukka.

Àwọn bàbá wa ní Èkó kò fi ẹnu lásán gbé ẹ̀sìn ga. Ní ọdún 1923 tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀, ilé ìwé ni wọ́n fi owó kọ́, kí ọmọ Mùsùlùmí lè mọ̀wé láìfi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Yàbá tí a ń gbé yìí sì jẹ́ ìlú ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, Yaba Tech láti 1947, Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, sì wà ní Akọka. Omi wà lẹ́bàá wa, òùngbẹ ń gbẹ wá.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin Lèmọ́mù wa, kí ẹ tó gbé ìròyìn ìmọ̀ kan gun mínúbárì, ẹ ránṣẹ́ pe olùkọ́ kan láti Akọka tàbí Yaba Tech, kí ó wá là á yé yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àsàlátù, ẹ yọ ọjọ́ Àìkú kan sọ́tọ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti bàbá oníṣòwò, nínú owó aṣọ ẹbí wólímọ̀, ẹ yọ díẹ̀ fún ìwé àti ilé ìdánwò ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọmọbìnrin tí orí rẹ̀ pé sí ìṣirò, ẹ má tètè fà á wọ ìsọ̀. Nígbà tí irú ìkéde yìí bá tún dé, kí orúkọ Àmínátù tàbí Ràfíù wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ náà. Ẹ̀rí tí kò ní di eruku nìyẹn.

Kí Ọlọ́run Ọba fi ìmọ̀ tí ó wúlò kún ìmọ̀ wa, kí ó sì dá ahọ́n wa dúró lórí ohun tí a kò mọ̀. Àmín.