Ẹni Tí Ó Ni Akọ Ajá Náà Ni Ọmọ

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín sí ohun tí akọ̀wé yàn láti kọ lóṣù yìí. Owó ìdásílẹ̀ wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ wa tí a kò tíì san, akọ̀wé wá ń sọ ọ̀rọ̀ ajá. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹjọ́ ajá ti dé iwájú ìgbìmọ̀ wa láàárín ọdún kan, ẹ̀kẹta sì fẹ́ máa bọ̀, nítorí ọ̀kan nínú wa ti wá bá mi ní ìsọ̀ pé kí n bá òun kọ ìwé àdéhùn. Ó ní akọ ajá kékeré kan, onírun gígùn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Lhasa. Ẹnì kan ní Sabon Gari fẹ́ kí akọ yìí gun abo tirẹ̀. Ó ní, “Akọ̀wé, ṣé kí n gbà?”

Èrò tèmi ni pé kí ó má gbà báyìí.

Ajá yìí kì í ṣe ajá ilẹ̀ wa. Láti Tibet, lókè àwọn òkè ńlá Himalaya, ni ó ti ṣẹ̀ wá. Orúkọ olú-ìlú ibẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Inú ilé ni wọ́n ti ń lò ó níbẹ̀ láti máa ṣọ́nà. Ní ọdún 1933, Dalai Lama kẹtàlá fi méjì nínú wọn ta ará Amẹ́ríkà kan, C. Suydam Cutting, lọ́rẹ, láti ibẹ̀ ni irú rẹ̀ ti gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lónìí ó wọ́pọ̀ ní ìlú wa, kò sì yà mí lẹ́nu. Ó kéré, kì í sábà ju kílò mẹ́jọ lọ, kì í jẹun púpọ̀, bí ó bá sì gbó ní òru ìwọ yóò rò pé ìyá ẹkùn ni. (Ìyà irun rẹ̀ ní ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin ní ìhín, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.)

Àwọn ènìyàn ń sọ pé akọ ajá tí kò bá mọ abo rí, orí rẹ̀ yóò dàrú. Irọ́ ni. Akọ ajá lè lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láìgun abo, kí ara rẹ̀ sì le koko. Ẹlòmíràn tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé lẹ́yìn tí ó gùn tán ni ìjàngbọ̀n bẹ̀rẹ̀: yóò máa tọ̀ sára ilẹ̀kùn, yóò máa fo ògiri kiri. Ẹni tí kò fẹ́ irú wàhálà bẹ́ẹ̀ lè ní kí dókítà ẹran tẹ ajá rẹ̀ lọ́dàá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń tẹ òbúkọ.

Àwọn mìíràn ní owó ni. Ata àti àlùbọ́sà ni mò ń tà, n kò kórìíra owó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ẹjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ méjì, tí wọ́n ti ń jẹun nínú àwo kan, fi ẹnu lásán ṣe àdéhùn pé ẹni tí ó ni akọ ni yóò kọ́kọ́ mú nínú àwọn ọmọ. Abo bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Ẹni tí ó ni abo ta méjì tí ó kù, ó ní èyí tí ó kú ni ti ọ̀rẹ́ òun. Ìjókòó mẹ́ta ni a fi parí rẹ̀, títí di òní wọn kì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ìpàdé.

Ẹjọ́ kejì dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ajá méjì há mọ́ra lẹ́yìn gígùn, ọmọ-ọ̀dọ̀ kan sì mú igi, ó lù wọ́n títí wọ́n fi já, akọ sì fara pa. Ẹ jọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run dá ajá. Wọ́n a máa há mọ́ra, wọ́n a kọ ẹ̀yìn síra wọn, ó sì lè tó ìṣẹ́jú 10 sí 30 kí wọ́n tó tú. Kí a má lù wọ́n, kí a má da omi sí wọn. Kí a dúró tì wọ́n jẹ́ẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wá bá mi. Mo bèèrè nípa abo tí wọ́n fẹ́ mú wá. Wọ́n ní ọmọ oṣù mẹ́jọ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọdé ni ìyẹn! Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì gbó, a sì fẹ́ kí ó gbé oyún fún nǹkan bí ọjọ́ 63. Mo bèèrè káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò sí. Mo bèèrè bóyá dókítà ẹran ti wò ó rí, wọ́n ní ajá tí ń jẹun dáadáa, kí ni dókítà fẹ́ wò lára rẹ̀?

Ohun tí yóò wò pọ̀. Kókó kan wà tí í máa ń yọ ní ojú ara ajá, tí í máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Nípa gígùn ni ó ń ràn láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ajá tí ń rìn kiri. Àrùn mìíràn wà, brucellosis, tí í máa ń ba oyún abo jẹ́, tí í sì máa ń mú kí ẹpọ̀n akọ wú. Ó lè ran ènìyàn pẹ̀lú. Àìsàn kíndìnrín tí a jogún tún wà nínú ìran Lhasa. Kò sí èyí tí ojú lásán lè rí kí ó tó pẹ́ jù. A kò sì jìnnà sí ìrànlọ́wọ́: ọsibítù àwọn ẹran ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Samaru níbí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà mí lọ́kàn jù lọ kọ́ nìyẹn. Nígbà tí mo bi í pé níbo ni àwọn ọmọ yóò gbà lọ, ó ní, “Akọ̀wé, akọ ni tèmi. Ẹni tí ó ni abo ni kí ó mọ̀.” Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ni n kò lè gbà. Láìsí akọ rẹ, ọmọ kan kì bá tí wà. Àwọn tí a kò bá rà ńkọ́? Wọ́n a dé ojú ààtàn lẹ́yìn ọjà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dàgbà láìsí abẹ́rẹ́, níbẹ̀ ni àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ń bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ ti ń bá wọn ṣeré.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo ayé, ajá ni ó sì ń kó o ran ènìyàn nínú èyí tí ó tó 99 nínú 100. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń pa jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló kù. Bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti fún ọmọkùnrin kan ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà àbò ti wà. Ti ajá pàápàá, wọ́n ti ń ṣe é ní Vom lẹ́bàá Jos, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1924.

Ẹ tún rántí ibi tí a ń gbé. Púpọ̀ nínú àwọn aládùúgbò wa, àti púpọ̀ nínú àwa náà, ni Mùsùlùmí. Ẹni tí ń lọ kírun kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun. Wọ́n ń fara dà á fún wa. Bí ọmọ ajá tí ó ti ilé Yorùbá jáde bá bu ọmọ onílé jẹ, tí wọ́n sì pariwo “mahaukacin kare” ní àdúgbò, kò sí ẹni tí yóò bèèrè bóyá akọ ni tìrẹ tàbí abo.

Nítorí náà ni mo fi sọ fún un pé kí abo náà kọ́kọ́ dàgbà, kí àwọn méjèèjì lọ sí Samaru fún àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́, kí a sì rí orúkọ àwọn tí yóò gba ọmọ kí a tó kọ ìwé kankan. Bí ẹni Sabon Gari kò bá lè dúró, kí ó wá akọ lọ síbòmíràn. Inú rẹ̀ kò dùn sí mi.

Ẹni tí ajá rẹ̀ ti bímọ ná, kí ó má ṣe fi ọmọ sílẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí ẹni tí yóò gbà á sì mọ̀ pé ní oṣù kẹta ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àkọ́kọ́. Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ọṣẹ àti omi ni kí a fi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a jọ kó àwọn ajá wa lọ sí Samaru lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó wá fi orúkọ sílẹ̀ ní ìsọ̀ mi kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé.