Télọ̀ Kì Í Tú Gbogbo Bùbá Nítorí Apá Kan

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, bí télọ̀ bá rán apá bùbá sódì, ṣé gbogbo aṣọ ló máa tú ni? Rárá o! Ibi tó bàjẹ́ nìkan ni. Kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìwé ọjà náà gbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní akọ̀wé ìyá aláṣọ kan ń kọ ọjà sínú rẹ̀. Ti oníbàárà àkọ́kọ́ wọlé dáadáa, ó wá sàmì síbẹ̀: SAVEPOINT làmì ọ̀hún ń jẹ́. Nígbà tó kan ìkejì, ó kọ ogún yáàdì dípò méjì. Yéè!

Bó bá kọ ROLLBACK lásán, àtèyí tó dára àtèyí tó bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ló máa pa rẹ́. ROLLBACK TO, pẹ̀lú orúkọ àmì yẹn, ni kó kọ. Èyí tó tẹ̀lé àmì á lọ, tìṣáájú á dúró.

Àmọ́ bó bá ti kọ COMMIT, ó ti bọ́. Ẹyin tó ti balẹ̀ kì í ṣe é kó mọ́; àfi kó kọ àtúnṣe tuntun. Ẹ ní kí akọ̀wé yín wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ sí i o!