Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ̀rọ Amúlétutù fún Yàrá Kọ̀ǹpútà

 

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé kan ní agbègbè Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Ó fẹ́ ṣí ibi tí àwọn ọmọ yóò ti máa fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò. Ó ti ra jẹnẹrétọ̀, ó sì ti ya yàrá kékeré kan sọ́tọ̀ fún ìyá kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní sáfà, tí gbogbo àwọn yòókù ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ní kí n ra ẹ̀rọ amúlétutù oníhóòsì mẹ́ta, kí ọ̀rọ̀ parí. Ẹlòmíràn ní yàrá náà kéré, hóòsì kan ti tó. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Èsì mi ni pé kí ó má tíì gbọ́ ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Yàrá ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ohun tí ó wà nínú yàrá. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fáàrí. Láti 2015 ni JAMB ti pa ìdánwò orí ìwé tì pátápátá, tí ó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà nìkan ni àwọn ọmọ fi ń ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Bí sáfà bá gbóná jù, yóò máa lọ́ra. Bí ó bá tún gbóná sí i, yóò pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Ẹ ro ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ń dín àkàrà fi kó owó ìdánwò jọ, tí ó wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí kò dáhùn mọ́.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé nítorí ènìyàn ni a ṣe dá amúlétutù sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1902, Willis Carrier, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan ní Amẹ́ríkà, ṣe é fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, nítorí pé ọ̀rinrin ń mú bébà wú, ó sì ń súnkì, tí àwọ̀ kan kò fi bọ́ sórí èkejì dáadáa. Iṣẹ́ ni a kọ́kọ́ ṣe é fún, iṣẹ́ náà ni ó sì sọ irú afẹ́fẹ́ tí òun fẹ́.

Ẹ wo IITA tí a dá sílẹ̀ ní 1967 lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ní Akínyẹlé kan náà. Irúgbìn ẹ̀wà tí ó lé ní 15,000 oríṣi ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ kí ó pẹ́ títí wà nínú òtútù tí ó fi ìwọ̀n 20 Celsius rẹlẹ̀ ju ibi tí omi ti ń di yìnyín lọ. Àwọn ìyá wa tí ń ta ẹja dídì náà mọ ìwọ̀n òtútù tí ẹja fẹ́. Ṣùgbọ́n sáfà kì í ṣe ẹja, kì í sì í ṣe irúgbìn. ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà amúlétutù ní Amẹ́ríkà, ní kí afẹ́fẹ́ tí ń wọ ojú rẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n 18 sí 27. Bí ẹ bá fi sí 23, ó tó. Ẹni tí ó bá fi sí 16, owó iná ni ó ń sun.

Báwo ni a ṣe ń wọn ẹ̀rọ náà? Gbogbo iná tí sáfà bá jẹ, ooru ni ó ń dà. Wáàtì kan ń mú ooru BTU 3.4 wá ní wákàtí kan. Bí àpẹẹrẹ, sáfà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 500 wáàtì jẹ́ 1,000. Ẹ̀rọ tí ó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ jẹ́ 200. Ooru ara UPS, 300. Ènìyàn kan àti gílóòbù, 200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,700 wáàtì, èyí tí í ṣe nǹkan bí BTU 5,800. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ lé e nítorí oòrùn tí ń pa páànù àti ògiri, yóò di 8,700. Lọ́jà wa, hóòsì kan máa ń jẹ́ BTU 9,000, hóòsì kan ààbọ̀ sì jẹ́ 12,000. Hóòsì kan yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Hóòsì mẹ́ta yóò tutù kíá, yóò dákẹ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ lemọ́lemọ́ yìí ni ó ń tètè ba ẹ̀rọ jẹ́, tí ó sì ń dẹ́rù pa jẹnẹrétọ̀. Hóòsì kan ààbọ̀ ni ó bá ìṣirò yìí mu.

Ṣùgbọ́n kí ó ra méjì, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ọ̀kan ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí èkejì gbà á ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, kí ọ̀kan lè dá a gbé bí èkejì bá kú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2022, tí ooru kọjá ìwọ̀n 40 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹ̀rọ tí ń tu yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn Guy's and St Thomas' lára ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò lè gbé e mọ́. Àwọn dókítà padà sí bébà àti kálámù, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sì kọjá kí gbogbo nǹkan tó padà bọ̀ sípò.

Tiwa tún ní ewu mìíràn, ewu iná tí ń lọ tí ń bọ̀. Bí iná bá lọ, UPS yóò máa gbé sáfà, ṣùgbọ́n kò gbé amúlétutù. Sáfà ń gbóná nínú yàrá tí a tì pa, kò sì sí ohun tí ń tù ú. Nítorí náà, kí jẹnẹrétọ̀ lè gbé amúlétutù pẹ̀lú, kí ó sì tètè dé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọlọ́jà pa iná lójú yín kí ó sì tún tàn án: ẹ̀rọ tí kò bá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé a tẹ rìmóòtù, ẹ fi í sílẹ̀.

Ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀: ẹ darí atẹ́gùn tútù sí iwájú sáfà, nítorí ẹ̀yìn ni ó ń tu ooru sí. Ẹ má gbé amúlétutù kọ́ sí òkè orí rẹ̀ gan-an, kí omi má baà kán sí i. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ máa fọ asẹ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí eruku a máa dí i.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń wá ibi tí ọmọ yín yóò ti ṣe ìdánwò, ẹ má ṣe wo gbọ̀ngàn tútù nìkan. Ẹ béèrè ohun tí ń tu yàrá sáfà lára, kí ẹ sì béèrè ohun tí yóò gbà á bí ọ̀kan bá kú.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.