Akọ̀wé Tí Ó Di Olùkọ́ Èdè

Ogún ọdún ni àwa fi ṣe iṣẹ́ akọ̀wé kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. A rò pé ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ èdè lè fi kọ́ni. Ní alẹ́ kìíní, ìyá aláṣọ kan sọ nípa ọkọ rẹ̀ pé, “She is coming.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò sì la ẹnu mọ́.

Nígbà tí a délé ni a tó rántí pé “ó” kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin. Ìyá náà kì í ṣe òmùgọ̀. Èdè abínibí rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé. Ní ọjọ́ kejì a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa nìkan kọ́ ni ó yí iṣẹ́ padà báyìí. Harold Palmer ti ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó lọ kọ́ni ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1902. Nígbà tí ó dé Japan ní 1922, ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé kí etí àti ẹnu ṣáájú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ìtìjú ti pa dé, kí ni yóò sọ?

Ẹni tí ó bá fẹ́ di olùkọ́ ní àgbà, kí ó kọ́kọ́ gbà láti tún di akẹ́kọ̀ọ́.